I.K. Dáìró àti Gìtá Tó Ń Lọ Òde Àríyá

Ọ̀rọ̀ tòní gùn. Ẹni tó bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, kó fi pamọ́ di alẹ́, kó wá fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ nínú ìjọ wa láti bí oṣù mélòó kan. Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wa lu ìlù, tí wọ́n ń bá wa ta gìtá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé àwọn eléré lọ sóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn àgbà kan wá bá mi nínú ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n dá wọn dúró. Wọ́n ní gìtá tó ta orin ọlọ́tí lánàá kò yẹ kó ta orin ìyìn lónìí. Àwọn mìíràn ní, "Dádì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Ìjọ ò sanwó fún wọn, ṣé wọn ò ní jẹun ni?" Mi ò tíì dá apá kankan lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbàdúrà lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ìtàn ọkùnrin kan ń wá sí mi lọ́kàn, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò sì mọ ìtàn rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1980. Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró ni orúkọ rẹ̀. I.K. Dáìró, MBE.

Ẹ má tíì bínú. Mo mọ̀ pé olórin jùjú ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ibi tó ti wá ná.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Ọ̀fà, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun ìdílé rẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní 1930 yẹn náà ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀oyè ní Iléṣà, nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí Ọlọ́run tó pè é. Àwọn èèyàn ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ kí wọ́n lè gbàdúrà sí i. Iléṣà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò sì jìnnà rárá. Ìran tó tọ́ Dáìró dàgbà, ìran tó gbọ́ ìró ìsọjí yẹn ni, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti orin tí kì í ṣe ti òyìnbó.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje, bàbá rẹ̀ kan ìlù fún un. Mo máa ń ronú lórí ìlù yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa òbí, tí ọmọ wa bá ń lu tábìlì pẹ̀lú ṣíbí, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ṣé ìwọ ò níwèé tí o máa kà ni?" Bàbá tirẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù fún un.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti àwọn míṣọ́nnárì ló lọ ní Ọ̀fà. Kò pẹ́ tí owó tán nílé, ó sì ní láti fi iléèwé sílẹ̀. Ó gbéra, ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó di onígbàjámọ̀. Ìlù tí bàbá rẹ̀ kàn fún un, ó gbé e dání. Tí kò bá sí ẹni tó fẹ́ gẹ irun, á lọ jókòó ti àwọn tó ń ṣe jùjú lágbègbè yẹn, á máa wo ọwọ́ wọn. Ní 1942 ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan tí Táíwò Igese ń darí. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni. Ẹgbẹ́ náà tú ká lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ní 1948 ó dé Ẹdẹ, ó ń kiri aṣọ fún ọ̀gá kan, ó sì ń bá àwọn onílù àdúgbò ṣeré nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rìnrìn àjò. Dáìró gbé aṣọ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn lọ síbi ayẹyẹ kan. Àṣé ọ̀gá máa padà dé lọ́jọ́ yẹn gan-an! Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ níbí, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀gá yẹn lẹ wà, èmi náà ò sì dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Iṣẹ́ ẹni ni iṣẹ́ ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe lébìrà kiri, ó fi ọwọ́ agbára rẹ̀ tọ́jú owó díẹ̀, owó yẹn ló sì fi wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn.

Ìdí tó fi jẹ́ Ìbàdàn ni pé Daniel Ojoge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó kọ́kọ́ ṣe jùjú, ń ṣeré níbí. Dáìró bá a ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ eré alẹ́, kó tó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí jùjú jẹ́ nígbà yẹn, torí jùjú tí ẹ mọ̀ lónìí kọ́. Èkó ni Túndé King ti gbé e jáde láàárín ọdún 1930 sí 1940. Eré ìjókòó ni: èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, gìtá tàbí bánjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé dání, irú èyí tí àwọn ará Salvation Army ń lù ní ìta gbangba. Ẹ rí i? Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni nǹkan ìjọ ti wà nínú rẹ̀. Kò sí gangan níbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: tí gangan bá dún, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ gìtá mọ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè dé, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1940, ni gìtá tó lè fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú gangan. Ẹ̀rọ yẹn ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn ní ọdún kan náà: gìtá oníná ló sọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú di ohun tí wọ́n wá ń pè ní rock and roll.

Ní 1957, Dáìró kó èèyàn mẹ́wàá jọ, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tó fún un ni Morning Star Orchestra, Ìràwọ̀ Òwúrọ̀. Ẹni tó bá ti ka orí kejìlélógún ìwé Ìfihàn mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín kọjá òkun díẹ̀, torí ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1957 yẹn gan-an, àwọn ọmọ ìjọ tiwa ló sì ṣẹlẹ̀ sí. Mo ní tiwa, mi ò ṣàṣìsọ.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Sister Rosetta Tharpe. Wọ́n bí i ní 1915 ní Cotton Plant, ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere nínú Church of God in Christ, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́, tó ń fọ èdè fọ̀, bíi tiwa. Láti ọmọ ọdún bíi mẹ́fà ni Rosetta ti ń ta gìtá níwájú ìjọ, tí ìyá ń wàásù, tí ọmọ ń kọrin. Ó dàgbà, ó gbé gìtá yẹn lọ sí New York, ó kọrin nínú ilé fàájì tí wọ́n ń pè ní Cotton Club, ó sì ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Decca ní 1938. Inú bí àwọn ará ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ta gìtá oníná yẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe kọ́ ọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ṣe ní 1944 wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí pé òun gan-an ni rock and roll àkọ́kọ́. Orin ìhìnrere ni, ẹ ò rí nǹkan!

Ní 1947, Rosetta lọ ṣeré ní ìlú Macon ní Georgia. Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún kọrin rẹ̀ létí ẹ̀, ó sì pè é sórí pèpéle kó kọrin kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn ni Richard Penniman, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Little Richard. Ọmọ ìjọ lòun náà. Elvis Presley, inú Assemblies of God ló dàgbà sí. Jerry Lee Lewis náà, ìjọ kan náà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹ máa kà á lọ. Ìró tí àwọn bàbá wa ń pè ní orin èṣù, ìlù ìjọ tiwa ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀.

Ní oṣù October 1957, Little Richard wà ní Australia níbi eré, òkìkí rẹ̀ ń kàn káàkiri ayé. Láìròtẹ́lẹ̀, ó ní òun ti ṣe é tán. Ó ní Ọlọ́run ń pe òun. Ó bọ́ òrùka olówó iyebíye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sómi. Ó padà sílé, ó wọ Oakwood College ní Huntsville, iléèwé àwọn Adventist, láti kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ ó ní "Halelúyà!" Èmi náà wí i. Àmọ́ ní 1962 ó ti padà sórí pèpéle ní England. Lẹ́yìn náà ó tún kúrò, ó tún padà. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi kú ní May 2020. Inú ọgbà òkú Oakwood yẹn ni wọ́n sin ín sí.

Mo ti wàásù lórí Little Richard rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó boju wẹ̀yìn, mo sì tún lè wàásù bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ wo Dáìró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún tí ọ̀kan ju òrùka sómi ni èkejì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì bá Ọlọ́run lò. Ọ̀kan lo gbogbo ayé rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fà ya sí méjì, èkejì ò rí bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Lójú tèmi, ọ̀ràn náà kò sí lọ́wọ́ àwọn olórin náà nìkan. Ẹnu ọ̀nà ìjọ ni kẹ́ ẹ wò. Ìjọ tí Dáìró wà nínú rẹ̀ kò tíì sọ fún un láéláé pé ìlù ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun ẹlẹ́gbin.

Inú Kérúbù àti Séráfù ló wà, ó sì di aṣáájú níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé mi ò fara mọ́ gbogbo nǹkan tí àwọn aláṣọ funfun ń ṣe, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í fara mọ́ ọn torí ìtàn. Àmọ́ òtítọ́ ò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ìjọ àwọn òyìnbó ń sọ fún àwọn bàbá wa pé kí wọ́n fi ìlù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ìjọ Aládùúrà ló ní kí wọ́n gbé e wọlé. Ọdún 1925 ni Mósè Orímọ̀ládé àti Christiana Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Láti ibẹ̀ ni ìlù, àtẹ́wọ́ àti ijó ti wọ inú ìsìn ní gbangba. Gbogbo jíjó tí à ń jó lásìkò ọrẹ níbí, tí ẹ máa ń na ọwọ́ sókè tí ẹ ń fi ìnujú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n la ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa ìlù yìí. Òyìnbó kọ orin tirẹ̀ sí èdè tí kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Nígbà tí wọ́n wá ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú orin yẹn, "ọkọ" lè di "ọkọ̀" lẹ́nu akọrin, "ọkọ̀" sì lè di "ọkọ́". Àwọn ìyá wa ń fi tọkàntọkàn kọ ọ́, Ọlọ́run sì gbọ́, ṣùgbọ́n àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí àfi tó bá ti mọ orin náà sórí. Gangan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni gangan ń sọ, tí ohùn bá ti ṣì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gangan ka iwájú, orin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí Dáìró ṣe nìyẹn. Ó mú bí àwọn Aládùúrà ṣe ń gbe orin, kí ọ̀kan dá a, kí ìyókù gbè é, kí ohùn wọn pa pọ̀ bíi ti àwọn akọrin ìjọ, ó sì gbé e lé orí gangan, ògìdo, àkúbà àti gìtá oníná. Ó tún kọrin ní ẹ̀ka èdè oríṣiríṣi, kì í ṣe Yorùbá ìwé nìkan. Ìjẹ̀ṣà gbọ́ ohùn ara wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ rò ó wò.

Ó wá fi nǹkan kan kún un tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: àkọ́díọ̀nù, dùùrù alápò tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì. Òun ni ìlú-mọ̀-ọ́n-ká àkọ́kọ́ tó gbé e sínú jùjú. Ohùn rẹ̀ jọ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé kọ́rùn, ó ṣeé bá jó. Tí ẹ bá gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Dáìró kan, àkọ́díọ̀nù yẹn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n kó tó lanu.

Ní October 1960, ìlú ń ṣe òmìnira. Agbẹjọ́rò kan tó tún jẹ́ olóṣèlú níbí ní Ìbàdàn ṣe àpèjẹ, ó sì pe Dáìró àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣeré. Àwọn èèyàn ńlá ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó gbọ́ ọ lónìí á fẹ́ kó wá ṣeré ní ìsìnkú bàbá òun lọ́la.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí Ìbàdàn ṣe rí nígbà yẹn. Olú ìlú Ìwọ̀ Oòrùn ni. Owó kòkó ń wọlé. Láti January 1955 ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Dùgbẹ̀ wa yìí, ibùdókọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, Kingsway wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé tó ń gba owó oṣù ń ra giramafóònù. Ilé Kòkó tí ẹ̀ ń wò yẹn ò tíì sí, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti wà nílé àwọn tó lówó díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 October 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdíje àwọn olórin jùjú lórí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dáìró ló gba ipò kìíní. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ẹdẹ ló wà nínú àpótí yẹn, tí gbogbo àdúgbò kóra jọ sí yàrá ẹnì kan láti wò ó.

Lásìkò yẹn ó ti yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Blue Spots. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń jáde lọ́dọ̀ Decca, ilé iṣẹ́ kan náà tí Rosetta Tharpe ti ṣiṣẹ́ fún. Orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Salome, kò sí ilé tí kò dé. Orin ìfẹ́ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Orin àdúrà wà, orin ìyìn àwọn olówó wà, orin ìfẹ́ wà. Ní 1963, ọba obìnrin ilẹ̀ England fi oyè MBE dá a lọ́lá, ìyẹn sì ni gbogbo èèyàn fi ń pè é títí tó fi kú.

Ibi tí mo ti ń bá jùjú jà ni ti owó. Orin tó ń yin èèyàn torí pé ó ná owó sí mi lórí, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, yálà òde àríyá ni tàbí inú ìjọ. Àti inú ìjọ o. Ẹ̀yin akọrin ìjọ tí ẹ máa ń fi orin kí àwọn tó wọ lésì olówó nlá nígbà ìdúpẹ́, ẹ mọ ara yín.

Òkìkí kì í dúró sójú kan. Ní 1964, Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sunny Ade jáde, ó sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Green Spots. Ẹni tó bá mọ Blue Spots mọ ẹni tó ń wárí fún. Gìtá pọ̀ sí i, orin gùn sí i, àkọ́díọ̀nù di ohun àtijọ́. Kí ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, àwọn ọmọ tó fi Dáìró ṣe àwòkọ́ṣe ti gba òde lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jókòó sunkún. Ní 1969, òun àti Hárúnà Ìshọ̀lá, bàbá àpàlà, dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀, Star Records. Onígbàgbọ́ kan àti mùsùlùmí kan, tí wọ́n fẹ́ kí olórin jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dípò kí òyìnbó máa kó o lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń yan olórin jẹ, ohun tí wọ́n ṣe yẹn kì í ṣe kékeré.

Obey tí mo dárúkọ yẹn, ẹ mọ̀ pé ó padà di ajíhìnrere. Ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Dáìró ò kúrò nínú ọ̀kan torí èkejì. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọ, ó sì ń kọrin.

Ọdún 1994 ló tún jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. University of Washington tó wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, pè é kó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin. Ẹni tí owó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò pé fún! Ó lo àwọn oṣù kan níbẹ̀ di 1995, àwọn ọmọ òyìnbó jókòó, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìlù Yorùbá. Ọdún 1994 náà ló gbé àwo orin kan jáde tó pè ní Ashiko.

Ọjọ́ 7 February 1996 ló kú, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ìyẹn, mo dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ C.A.C. ti mọ ibi tí mò ń lọ. Babalọlá, wòlíì tó fa ìsọjí ọdún 1930, Ẹdẹ ló kú sí ní July 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sì sin ín sí. Mi ò ní sọ pé àmì ni. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ojú ọ̀nà kan náà, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé Ẹdẹ dé Ẹ̀fọ̀n, ni wòlíì àti olórin jọ rìn.

Ọmọ rẹ̀ Paul, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ sí Paul Play, tún orin bàbá rẹ̀ kọ lóde òní, ẹ sì jó sí i ní ìgbéyàwó yín láìmọ̀ pé orin àgbà ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa méjì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wá bá mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọtí wà lóde àríyá, obìnrin wà níbẹ̀, òru ni wọ́n ń padà wálé, mo sì ti sin ọmọ olórin kan rí tí ọkọ̀ gbá lóru lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní orin ayé ò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi èwo nínú ìlù tí à ń lù lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni kò ti òde wá, àti èwo nínú ti òde ni kò ti inú ìjọ jáde. Ẹ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù C.A.C. Good Women Choir ti Ìbàdàn níbí sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa fi ń parí ọdún, ẹ fetí sí ohun tó ń dún lábẹ́ ohùn àwọn ìyá yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ Dáìró.

Mi ò ní lé wọn. Ìgbìmọ̀ ìjọ máa jókòó lọ́jọ́ Túsìdeè, ohun tí mo máa gbé síwájú wọn ni pé ká máa fún àwọn tó ń lu ìlù ní owó ọkọ̀ àti nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù, torí títí di òní, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é fún wa, à sì ń bínú pé wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi àti àwọn méjèèjì máa jókòó. Mo máa béèrè lọ́wọ́ wọn irú ilé tí wọ́n ń ṣeré sí, ta ló ń gbé wọn padà, àti ìgbà tí wọ́n ti gbàdúrà kẹ́yìn. Àwọn òbí wọn náà máa wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà Òkè-Bọ́lá, Òkè-Àdó àti Dùgbẹ̀ tí ẹ ṣì ní rẹ́kọ́ọ̀dù Dáìró nílé, ẹ nu eruku orí rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbé e wá fún mi lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ àkọ́díọ̀nù náà.